Ta Ni Yóò Dá Ẹjọ́ Akẹ́kọ̀ọ́? Ìtàn Ìbáwí ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga Nàìjíríà, 1944 sí 2004

Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ King's College ní Èkó dìtẹ̀, wọ́n ní àwọn kò wọ kíláàsì mọ́. Ogun Àgbáyé Kejì ló ń jà lọ́wọ́ nígbà náà. Ìjọba amúnisìn ti gba ilé tí àwọn ọmọ náà ń sùn fún àwọn ọmọ-ogun, wọ́n sì kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ilé àyágbé láàárín ìgboro. Ìgbé-ayé inú ilé àyágbé yìí ni àwọn ọmọ náà kò fara mọ́.

Ìyà tí wọ́n fi jẹ wọ́n ló mú kí ọ̀ràn náà wọ inú ìtàn. Mẹ́jọ nínú àwọn tí ìjọba kà sí aṣáájú ni wọ́n fi tipátipá kó wọ iṣẹ́ ológun. Ọ̀kan nínú wọn kò padà wálé. Inú iṣẹ́ náà ló kú sí. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ráhùn nítorí ibi tó ń sùn, bárékè ni wọ́n fi dá a lóhùn. Ìyà báyìí kì í ṣe ti olùkọ́ rárá. Agbára ìjọba ni, ẹni tó sì ń jẹ ẹ́ kò rí ibì kankan tó lè rò tẹnu rẹ̀ sí. Èkó gbóná. Ìbínú tí ọ̀ràn yìí dá sílẹ̀ wà lára ohun tó mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn olóṣèlú péjọ sí Glover Memorial Hall ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ NCNC sílẹ̀, tí Herbert Macaulay di ààrẹ rẹ̀, tí Nnamdi Azikiwe sì di akọ̀wé. Ẹni tó bá ń kọ́ ìtàn òṣèlú Nàìjíríà kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ìbáwí akẹ́kọ̀ọ́ tó kọjá ààlà wà ní ìdí ẹgbẹ́ náà.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn èyí, ní 1948, University College bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Kenneth Mellanby ni ọ̀gá àgbà rẹ̀ àkọ́kọ́, abẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n sì wà. Bí Ìbàdàn ti gba ìwé-ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó, bẹ́ẹ̀ náà ló gba ọ̀nà ìbáwí wọn. Inú ọgbà ni akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, gbọ̀ngàn kọ̀ọ̀kan ní alábòójútó tirẹ̀, ipò òbí ni wọ́n sì gbà pé ilé-ẹ̀kọ́ wà sí ọmọ. Òbí kì í kọ̀wé ẹ̀sùn sí ọmọ rẹ̀ kó tó bá a wí, kì í sì í pe ẹlẹ́rìí. Láti Oxford àti Cambridge ni àwọn ìyà tí a mọ̀ títí di òní ti wá: owó ìtanràn, ìhámọ́ inú ọgbà, ìlélọ fún ìgbà díẹ̀ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ń pè ní rọ́sítíkéètì, àti ìlékúrò pátápátá.

Nǹkan mìíràn tún tẹ̀ lé àwọn ìyà wọ̀nyí wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ kí ó tó hàn. Ní ọdún 1718, Yunifásítì Cambridge gba gbogbo oyè ẹ̀kọ́ ọwọ́ Richard Bentley, ọ̀gá Trinity College, nítorí pé wọ́n ní ó tàbùkù sí ilé-ẹjọ́ yunifásítì náà. Wọn kò pè é kí ó wá wí tẹnu rẹ̀. Bentley gbé wọn lọ sí kóòtù ọba, kóòtù sì pàṣẹ pé kí wọ́n dá oyè rẹ̀ padà fún un. Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ náà, Fortescue, rán wọn létí pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ kò dá Ádámù lẹ́bi láìkọ́kọ́ pè é kí ó wá sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí nínú ọgbà Édẹ́nì. Àwọn amòfin Nàìjíríà ń tọ́ka sí ọ̀rọ̀ yìí títí di ìsinsìnyí. Ọmọ Yorùbá kò sì nílò Cambridge kó tó mọ̀ ọ́n: agbọ́tẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà.

Lẹ́yìn òmìnira, ipò òbí tí ilé-ẹ̀kọ́ fi ara rẹ̀ sí bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1971, àríyànjiyàn lórí oúnjẹ ní gbọ̀ngàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn di ìwọ́de. Ọlọ́pàá wọ ọgbà, ìbọn dún, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Kúnlé Adépéjú sì kú. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí Adájọ́ Kazeem kalẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀ràn tó yẹ kí alábòójútó gbọ̀ngàn parí lórí tábìlì ti ń dé ọwọ́ ọlọ́pàá.

Ọdún 1978 tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjọba ológun Ọbásanjọ́ fi kún owó ilé gbígbé àti owó oúnjẹ. Owó oúnjẹ òòjọ́ fò láti 50 kọ́bọ̀ sí náírà 1.50. Ní oṣù kẹrin, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde káàkiri orílẹ̀-èdè pé kí Ahmadu Ali, kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́, máa lọ. Ní Èkó, ìbọn pa Akíntúndé Òjó, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ìyà kárí. Ìjọba fòfin de NUNS, ẹgbẹ́ gbogboogbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n yọ Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Adé Àjàyí kúrò nípò gíwá Yunifásítì Èkó. Wọ́n sì lé Ṣẹ́gun Òkéowó, ààrẹ NUNS, kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́. Yunifásítì Ifẹ̀ ló padà gbà á, ibẹ̀ ló sì ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Kókó tí onítàn gbọ́dọ̀ dì mú níbí ni pé kì í ṣe ìgbìmọ̀ ìbáwí yunifásítì ló dìde láti lé Òkéowó. Òkè, ní ọ̀dọ̀ ìjọba ológun, ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Láàárín 1944 sí 1978, aláwọ̀ funfun ti lọ, aláwọ̀ dúdú ti dé, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ìyà ń gbà dé orí ọmọ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Ohun tó yí i padà wá láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò fojú sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1983, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Yunifásítì Maiduguri. Wọ́n ba dúkìá jẹ́, wọ́n sun ilé, wọ́n jí ẹrù, wọ́n sì fi ọwọ́ kan àwọn ènìyàn. Lára ilé tí iná jó ni ilé igbákejì gíwá. Gíwá gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, ó sì fi igbákejì rẹ̀ yìí kan náà ṣe alága.

Kí òǹkàwé fi ojú inú wo yàrá ìjókòó náà. Ọmọ ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ wọlé, wọ́n ní kí ó sọ ibi tó wà lọ́jọ́ ìjà. Ẹni tó ń bi í léèrè ni ẹni tí ilé rẹ̀ jóná. Àwọn tó ti wá jẹ́rìí lòdì sí i ti lọ. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, kò sì ní àǹfààní láti bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo. A kò gbọdọ̀ sọ pé alága náà jẹ́ ènìyàn burúkú. Ẹnikẹ́ni tí ilé rẹ̀ bá jóná ní ẹ̀tọ́ láti bínú, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti wá jẹ́rìí. Ibi tí ọ̀ràn ti wọ́ ni pé wọ́n gbé e sórí àga adájọ́. Ìròyìn ìgbìmọ̀ náà lọ sí iwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí, wọ́n sì lé àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi kúrò.

Àwọn aláṣẹ yunifásítì kò rò pé àwọn rú òfin kankan. Òfin Yunifásítì Maiduguri ti 1979 jọ ti àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀ yòókù. Gíwá ni ó gbé agbára ìbáwí lé lọ́wọ́. Bí ó bá hàn sí i pé akẹ́kọ̀ọ́ kan hùwà àìtọ́, ó lè ní kí ọmọ náà má ṣe lo àwọn ohun èlò ilé-ẹ̀kọ́ kan fún sáà tí òun bá dá; ó lè fi ààlà sí ohun tí ọmọ náà lè ṣe nínú ọgbà; ó lè rọ́sítíkéètì rẹ̀; ó sì lè lé e kúrò. Ó tún lè fa agbára yìí lé ìgbìmọ̀ ìbáwí tí òun bá yàn nínú àwọn ọmọ Sẹ́nétì lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n bá rọ́sítíkéètì tàbí tí wọ́n lé lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sí Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ yunifásítì. Nínú gbogbo èyí, ojú gíwá ni òfin gbẹ́kẹ̀ lé. Ohun tó bá ti hàn sí i tó láti bẹ̀rẹ̀ ìyà.

Yesufu Garba àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n lé gba Ilé-ẹjọ́ Gíga ní Maiduguri lọ. Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1979 ni wọ́n gbé lọ́wọ́, pàápàá jù lọ abala 33, tó sọ pé ẹni tí wọ́n bá fẹ́ pinnu ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ìgbẹ́jọ́ tó tọ́ níwájú àwọn tí kò ṣe ojúsàájú. Ilé-ẹjọ́ Gíga dá wọn láre. Yunifásítì pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn sì yí ìdájọ́ padà. Èrò tó gbòde nígbà náà ni pé ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni ìbáwí, kóòtù kò sì ní láti yọjú sí i. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀ kan gbé gíwá rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Onwumechili, lọ sí kóòtù lórí ọ̀ràn ìdánwò, ìdáhùn tí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fún un ní 1985 ni pé kí ó kọ́kọ́ gba gbogbo ọ̀nà tó wà nínú ilé tán.

Ṣùgbọ́n ní 1986, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ yìí kan náà dá Garba àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láre. Adájọ́ Andrews Obaseki ló ka ìdájọ́ tó ṣáájú. Orí nǹkan méjì ló dúró lé. Èkíní ni pé ilé sísun, olè jíjà àti ìfọwọ́kanni jẹ́ ọ̀ràn ìjọba. Kóòtù nìkan ló lè sọ pé ẹnì kan jẹ̀bi irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ yunifásítì kò lè sọ ara rẹ̀ di kóòtù. Bí kóòtù bá ti dá ọmọ náà lẹ́bi, ilé-ẹ̀kọ́ lè wá bá a wí bí òfin rẹ̀ ti là á sílẹ̀. Èkejì ni ọ̀ràn alága. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kò lè jókòó dájọ́ ẹni tí wọ́n sọ pé ó ṣẹ̀ ẹ́, ọmọ tí wọ́n bá sì fẹ́ lé kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀sùn rẹ̀, kí ó gbọ́ ẹ̀rí tí wọ́n mú wá, kí ó sì rí àyè láti dáhùn.

Nínú méjèèjì, èkejì ni mo kà sí ẹ̀bùn tó pẹ́ jù tí ẹjọ́ yìí fún akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà. Èkíní ní ìṣòro tirẹ̀, àwọn aláṣẹ yunifásítì sì kígbe rẹ̀ láìpẹ́. Kóòtù wa kì í yára. Ọmọ tí wọ́n ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ lè máa wọ kíláàsì fún ọdún mẹ́ta kí ẹjọ́ rẹ̀ tó parí, tí àwọn tó jẹ́rìí lòdì sí i yóò sì máa bá a jókòó lórí àga kan náà. Èkejì ní tirẹ̀ kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Kò gba owó, kò gba ọdún mẹ́ta láti wá alága tí ilé rẹ̀ kò jóná.

Ìdájọ́ kò tó ohun tí ń tu ìlú lára lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọdún 1986 yìí kan náà, ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìrántí àwọn tó kú ní 1978. Àwọn aláṣẹ fi ìyà jẹ àwọn olórí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nítorí rẹ̀, àwọn yòókù jáde láti fi ẹ̀hónú hàn, àwọn aláṣẹ sì pe ọlọ́pàá. Ní ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún, ìbọn pa àwọn ènìyàn nínú ọgbà náà. Ọ̀rọ̀ ìbáwí ló di ọ̀rọ̀ òkú. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ Ọ̀gágun Abisoye kalẹ̀ láti wádìí rẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìjọba Babangida gbé Òfin 47 ti 1989 jáde. Òfin yìí sọ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ di ohun tí ọmọ lè yàn láti wọ̀ tàbí láti má wọ̀, ó sì fún ìjọba àti àwọn alákòóso ilé-ẹ̀kọ́ ní agbára láti fòfin de ẹgbẹ́ àti láti lé ọmọ tí wọ́n bá rí i pé ó ń da ọgbà rú. Bí Garba ti ṣí ilẹ̀kùn kóòtù, bẹ́ẹ̀ ni òfin ológun ń gbìyànjú láti tì í.

Lásìkò yìí náà ni ẹgbẹ́ òkùnkùn gba ọgbà. Ẹgbẹ́ Pyrates tí Wọlé Ṣóyínká àti àwọn mẹ́fà mìíràn dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1952 kò jọ ohun tó wá gbalẹ̀ láàárín ọdún 1980 sí 2000, nígbà tí àdá àti ìbọn di ohun èlò akẹ́kọ̀ọ́. Ifẹ̀ ni ọ̀ràn náà ti bọ́ sójú gbogbo ayé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1999, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ mú àwọn kan tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ni wọ́n, tòun ti ohun ìjà. Wọ́n ṣe ohun tí òfin ní kí wọ́n ṣe: wọ́n fà wọ́n lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Kóòtù dá àwọn tí wọ́n mú náà sílẹ̀. Ní òru ọjọ́ 10 oṣù keje, àwọn apànìyàn wọ inú gbọ̀ngàn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sùn, wọ́n sì pa márùn-ún nínú wọn. George Iwilade, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí gbogbo Ifẹ̀ mọ̀ sí Afrika, wà lára wọn. Ìjọba yọ gíwá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, Ààrẹ Ọbásanjọ́ sì fún gbogbo gíwá ní oṣù mẹ́ta láti pa ẹgbẹ́ òkùnkùn rẹ́ nínú ọgbà wọn.

Ìwé ìtàn kò gbọdọ̀ fojú fo ìbànújẹ́ yìí nígbà tí ó bá ń yin ìdájọ́ 1986. Bí wọ́n bá ní kóòtù nìkan ló lè dájọ́ ẹni tó gbé ìbọn, ẹ̀mí gbogbo ọmọ tó wà ní ọgbà ti wà lọ́wọ́ kóòtù náà àti lọ́wọ́ ọlọ́pàá tó ń kó ẹ̀rí jọ fún un. Bí àwọn wọ̀nyẹn bá kùnà, ìgbìmọ̀ ìbáwí tí wọ́n ti so lọ́wọ́ kò lè gbani. Ojú ọ̀nà kan ló kù fún àwọn aláṣẹ: kí wọ́n dá ọmọ náà dúró ná, kí ìwádìí máa lọ.

Ojú ọ̀nà yìí gan-an ni Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ wò nínú ẹjọ́ Esiaga àti Yunifásítì Calabar ní 2004. Wọ́n dá akẹ́kọ̀ọ́ náà dúró láìsí ọjọ́ ìpadàbọ̀, ó ní wọ́n fi ẹ̀tọ́ òun sí ìgbẹ́jọ́ tó tọ́ du òun. Kóòtù kò gbà fún un. Wọ́n ní ìdádúró fún ìwádìí kì í ṣe ìdájọ́. Kò tíì sí ẹni tó sọ pé ó jẹ̀bi, yóò sì rí àyè láti wí tẹnu rẹ̀ bí ìgbìmọ̀ bá jókòó. Ní ti òfin, ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání, lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ifẹ̀ pàápàá. Ní ti ìgbé-ayé ọmọ, ó le. Ìdádúró tí kò ní òpin lè gùn ju rọ́sítíkéètì tó ní ọdún kan lórí lọ. Òbí yóò ti san owó ilé-ẹ̀kọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ ọmọ náà yóò ti ṣe ìdánwò lọ, kò sì tíì sí ìdájọ́ tí òun lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lé lórí.

Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ ìbáwí ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba ti wá jọ ohun tí Garba béèrè. Ọmọ tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ń gba ìwé ìbéèrè, yóò kọ èsì rẹ̀, wọn yóò pè é kí ó wá jókòó níwájú ìgbìmọ̀, àbá ìgbìmọ̀ náà yóò sì lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ní àṣẹ kí ìyà tó dúró. Bí ìyà náà bá jẹ́ rọ́sítíkéètì tàbí ìlékúrò, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ ni yóò gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn rẹ̀. Ibì kan wà nínú òfin àwọn yunifásítì náà tí ìdájọ́ Garba kò kàn rárá: ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tí ọmọ pè kò dá ìyà rẹ̀ dúró. Títí Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ yóò fi jókòó, tí yóò sì sọ̀rọ̀, ìta ọgbà ni ọmọ náà yóò wà, ì báà jẹ́ pé òun ló jàre níkẹyìn.